Ìrẹsì Lórí Òkè

Ní ilé-kéú tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n kọ́ wa pé oúnjẹ tí wọ́n bá gbé síwájú ẹni, ká dúpẹ́, ká má bú u. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run nìkan ló mọ bí mo ṣe dúpẹ́ ìrẹsì yẹn.

Iṣẹ́ ìwádìí mi ní yunifásítì dá lórí ohun tí àwọn ará orí òkè ń gbìn àti ohun tí wọ́n ń jẹ. Obìnrin kan tí a jọ ń gbé ilé kan náà ní Ìjù, tó ń ta aṣọ ọmọdé ní Ṣàngó, ló júwe abúlé wọn fún mi. Ó ní kí n dé sọ́dọ̀ màmá òun. Ọ̀gá mi sì ti kìlọ̀ fún mi: bí n kò bá fojú ara mi rí bí wọ́n ṣe ń gún iyán kókò níbẹ̀, asán ni gbogbo iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ tí mo dé, ìrẹsì. Ọjọ́ kejì, ìrẹsì àti ẹyin. Ìrẹsì ọjà, lórí òkè tí ẹnikẹ́ni kò gbin ìrẹsì sí! Nígbà tó yá, búrẹ́dì tí èmi fúnra mi rà wá fún wọn láti Ṣàngó ni wọ́n gbé fún mi. Bẹ́ẹ̀ kókò kún oko wọn títí dé ẹsẹ̀ àpáta.

"Kókò kẹ̀?" ni màmá máa ń wí. "Ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́ níbí."

Mo yí agboolé náà po, n kò rí ewúrẹ́ kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ìró odó lẹ́yìn ilé. Mo yọ sí wọn. Màmá àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ jókòó ti iyán kókò, ó ń gbóná fẹlifẹli. Màmá sáré fi ìborùn bò ó. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ewúrẹ́ mìíràn ti dé o!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni mo bẹ̀ ẹ́, "ohun tí mo torí rẹ̀ wá rèé."

"Kí o lè padà sọ́hùn-ún lọ máa sọ pé kókò ni mo fi ṣe ọ́ lálejò? Kí wọ́n wá máa fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́?"

Kó tó gbà, mo ní láti ṣèlérí pé n kò ní dárúkọ abúlé náà, àti pé ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìjù kò ní gbọ́. Mo ṣe bìsìmíláì, mo fọwọ́ bù ú. Ó dùn, àlùhàmúdùlílàhì. Wọ́n tún gún òmíràn lójú mi.

Nígbà tí mo padà dé Ìjù, obìnrin náà ti dúró dè mí lẹ́nu géètì.

"Àǹtí, ẹ kú àbọ̀! Kí ni màmá mi fún yín jẹ?"

"Ìrẹsì," ni mo wí. Irọ́ kọ́.

Ojú rẹ̀ fà ro. "Ìrẹsì kẹ̀? Wọn ò gún iyán kókò fún yín? Wọn ò tiẹ̀ fi díẹ̀ rán yín sí mi? Àtọjọ́ tí ẹ ti lọ ni itọ́ ti ń dà lẹ́nu mi!"

Mo gbé àpò mi.

"Ẹ pe màmá yín," ni mo dá a lóhùn, mo sì wọlé lọ kírun.