Àròkọ Nípa Ìyá Mi

Wọ́n ní kí ọmọ mi obìnrin kọ àròkọ nípa ìyá rẹ̀ nílé ìwé. Ó kọ ọ́ pé mo ga, mo pupa, mo sì ń tajà. Èmi tí mo dúdú, tí mo kúrú, tí mò ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Trade Fair. Ó ní bí tíṣà ṣe kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù nìyẹn, gbogbo kíláàsì ló dà á kọ.

Inú bí mi. Mo ní kó jókòó síwájú mi, kó wò mí dáadáa, kó kọ ohun tó bá rí.

Ó wò mí títí, ó wá kọ ọ́ pé: “Tí màmá mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, orí àga ni oorun máa ń gbé wọn lọ, bàtà á ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Èmi ni mo máa ń bá wọn bọ́ ọ.”

Mo ti rò pé èmi fúnra mi ni mo máa ń bọ́ ọ.