Igún Tí Mo Wá Dé Etí Ọ̀sà Bàríga

Àdúrà kan wà tí ìyá mi kì í fò láràárọ̀: "Igún kì í kú léwe. O ò ní kú léwe." Láti kékeré ni mo ti ń ṣe àmín sí i, láìronú nípa ẹyẹ kankan. Ìgbà tó yá ni dókítà sọ pé ọjọ́ Ajé làwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ fún màámi, kí wọ́n yọ ohun tó wú nínú ikùn wọn. Bí a ṣe ti ilé ìwòsàn dé Ṣómólú, màámi wo òrùlé ilé ìtẹ̀wé tó kọjú sí ilé wa, wọ́n ní, "Ó mà pẹ́ tí mo ti rí igún o. Ibẹ̀ yẹn ni wọ́n máa ń bà sí." Wọ́n wọlé lọ gbé omi ẹ̀bà kaná. Èmi ni n kò rí ẹ̀bà náà jẹ.

Mo kàwé o, n kì í sì í gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́. Síbẹ̀ àyà mi já. Bí igún fúnra rẹ̀ bá ti kú tán, kí la wá fẹ́ gbé àdúrà lé? Láti Fádèyí dé Abúlé Òkúta, òkè ni mò ń wò kiri. Lékèélékèé nìkan ni mò ń rí, inú sì ń bí mi sí i bí ẹni pé òun ló lé igún lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń pa màlúù létí ọ̀sà ní Bàríga. Mo bi alápatà àgbàlagbà kan bóyá igún ṣì ń wá síbẹ̀. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Bàbá, mo kàn fẹ́ wò ó ni."

"Bí gbogbo wọn ṣe máa ń sọ nìyẹn. Àwọn tó fẹ́ wò ó náà ló pa á tán."

Ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má lọ pariwo olóògùn owó lé mi lórí. Mo tọrọ àforíjì, mo gba ẹ̀yìn ààtàn jáde. Ibẹ̀ ni mo ti rí i lórí òpó iná, ẹyọ kan ṣoṣo, orí pípá, ó ká ìyẹ́ mọ́ra bíi bàbá àgbà tí òtútù ń mú. Mo yọ fóònù, mo ya àwòrán rẹ̀. Mo sáré délé.

"Màámi, ẹ wò ó! Ó ṣì wà. Kò ní sí nǹkan kan lọ́jọ́ Ajé."

Wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ojú, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Torí èyí lo ṣe ń rìn nínú oòrùn? Ọmọ mi, ìwọ ni mò ń gba àdúrà yẹn fún. Èmi tí mo dàgbà tó báyìí, ṣé mo tún lè kú léwe ni? Tèmi ti gbà tipẹ́."

Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n ń ká ìró sínú báàgì ọsibítù lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, kí nọ́ọ̀sì tó tì wọ́n wọlé, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Igún kì í kú léwe." Mo ṣe àmín. N kò rí àdúrà kankan tí mo lè gbà fún wọn padà.