Omi Bátìrì ní Ìdí Obì Ìyá Mi

Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ àbúrò bàbá mi láìdáa mọ́, torí ó ti kú. Èmi yóò sọ ọ́.

Láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ọkọ̀ agégẹdú pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bátìrì tó bá ti kú lára wọn, òun ló ń kó o. Èyí tí agbára ṣì kù nínú rẹ̀, á tà á fún àwọn tó ń fi gbọ́ rédíò. Èyí tó kú pátápátá, á fi àáké là á, á yọ́ òjé inú rẹ̀, á gbé e lọ fún àwọn apẹja Ìwòpin, tí wọ́n ń so ó mọ́ ìdí àwọ̀n kó lè rì. N kò bá iṣẹ́ jà. Ibi tó ń da omi bátìrì sí ni mo bá jà.

Bàbá mi kò tíì pẹ́ tó kú tí àbúrò rẹ̀ yìí fi kó àáké àti bátìrì rẹ̀ wá sí oko obì ìyá mi ní Japara. Obì yẹn ló ń rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Kò pẹ́, àwọn igi náà gbẹ láti ìdí. Ó wá pe ẹbí jọ síbẹ̀, ó ní ọwọ́ opó náà ni kò dára, kí wọ́n gba oko fún òun. Wọ́n ń mi orí. Ìyá mi ń sunkún.

Mo ti sá aṣọ ilé ẹ̀kọ́ mi sórí ilẹ̀ yẹn rí, ó sì lu bí ajere. Mo kúnlẹ̀ fún olórí ẹbí, mo ní kí ìyá mi àti àbúrò bàbá mi búra pé ọwọ́ àwọn kọ́ ló pa obì: kí wọ́n fi ìka kan ilẹ̀ ìdí obì, kí wọ́n fi í kan ahọ́n.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ ṣe é. Ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní ilẹ̀ náà kan bí ọsàn wẹ́wẹ́.

Àbúrò bàbá mi kò na ọwọ́. Ó ní inú ń run òun.

“Opó tọ́ ọ lá,” ni olórí ẹbí wí. “Kí lo mọ̀ nínú rẹ̀ tí àwa kò mọ̀?”

“Bọ̀dá, ẹ fi mí sílẹ̀.”

Wọn kò gba oko lọ́wọ́ ìyá mi mọ́, ṣùgbọ́n obì kò jí. Aṣọ òfì rẹ̀ ló tà kí n tó parí ẹ̀kọ́.

Nígbà tí àbúrò bàbá mi kú, oko yẹn ti di tèmi. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá bẹ̀ mí fún ibi tí wọn yóò sin ín sí. Ojú wọn wà lára ibi tí mo gbin ọsàn sí, tí ibòji wà. Mo mú wọn lọ sí ìdí kùkùté obì.

“Ẹ gbẹ́ ẹ síbí,” ni mo wí. “Òun fúnra rẹ̀ ló tún ibẹ̀ ṣe.”

Koríko kò tíì hù níbẹ̀ dòní. Mo máa ń lọ wò ó.