Ìkúnlẹ̀ Àṣàbí ní Kóòtù Mọníyà

Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n kó àwa mẹ́sàn-án lọ sí kóòtù ní Mọníyà, nítorí pé a dí ojú ọ̀nà kí katakata má baà wọ oko àwọn ará Ìrókò tí ìjọba fẹ́ gbà. Olùkọ́ ni mí nígbà náà, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Àṣàbí, ìyàwó mi, wà lára wa. Oṣù kẹjọ rèé tí mo sin ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tọ́lá gbé kọ̀ǹpútà wá sílé mi. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe fíìmù nípa ẹjọ́ wa. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò ní kóòtù lọ́jọ́ náà, nítorí náà àwòrán ni wọ́n fọwọ́ yà, tí wọ́n sì mú kó máa rìn.

“Ṣé kàtúùnù lẹ fẹ́ sọ ìyàwó mi dà?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ wò ó ná kẹ́ ẹ tó bú wa.”

Mo wò ó. Àṣàbí kúnlẹ̀ níwájú adájọ́, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀.

“Ta ló sọ èyí fún yín?”

“Ìwé kóòtù ni, sà. Ó wà níbẹ̀ pé Màmá kúnlẹ̀, wọ́n tọrọ àforíjì, adájọ́ sì dá gbogbo yín sílẹ̀. Ẹkún yẹn ni àwa fi kún un.”

Kò purọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi àti Àṣàbí la jọ dúró níwájú adájọ́ lọ́jọ́ náà. Adájọ́ náà ti darúgbó, Àṣàbí kò sì lè kí àgbà lóòró. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, sà.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Adájọ́ ní, “Ó tó. Obìnrin yìí ti bá yín bẹ̀bẹ̀. Ẹ máa lọ.” Akọ̀wé kóòtù kọ ọ́ sílẹ̀.

Àṣàbí yíjú sí mi. “N ò bẹ̀bẹ̀ o. Ẹ jẹ́ n sọ fún wọn.”

Mo fa ìró rẹ̀. “Dákẹ́, jàre. Jẹ́ ká lọ sílé.”

Níta, àwọn èèyàn gbé mi sí èjìká, wọ́n ń pè mí ní akọni. Nígbà tá a délé, ó ní, “Ẹ̀yin ni wọ́n yìn, èmi ni wọ́n ní mo bẹ̀bẹ̀.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Tọ́lá. Ó ní, “Bàbá, ṣé ká ya ibi tẹ́ ẹ ti fa ìró wọn náà?”

“Ẹ yà á.”

Ìdajì ilẹ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀. Odi ìjọba ló yí ìdajì kejì ká. Wọ́n ní bí irọ́ bá rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ tèmi bá a lẹ́yìn ìsìnkú Àṣàbí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa wo fíìmù náà, tẹ́ ẹ bá rí ọkùnrin tó ń pa ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu mọ́, èmi nìyẹn.