Fírígò Tí A Gbé Sẹ́yìn Mọ́tò Lọ sí Issaba

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbí, ṣùgbọ́n ohun tójú mi rí lọ́nà Issaba lọ́sẹ̀ tó kọjá kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Títí di ìsinsìnyí, inú mi ṣì ń dùn.

Látìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì ni mo ti ń bá àwọn àgbẹ̀ agbègbè Pobè tọ́jú adìyẹ. Oògùn àjẹsára àrùn lùkúlùkú tó ń pa adìyẹ, èyí tí a máa ń kán sí wọn lójú, ni mo ń gbé kiri. Oògùn náà kórìíra ooru. Tó bá ti gbóná pẹ́, omi lásán lẹ ń kán.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan gbé e lọ sí abúlé kan ní Issaba nínú àpótí tí yìnyín inú rẹ̀ ti yọ́ tán. Lẹ́yìn náà, lùkúlùkú pa adìyẹ wọn. Ṣé ooru ló fà á? N kò lè fọwọ́ sọ̀yà, torí àrùn lè ti wà lára àwọn adìyẹ náà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé ti dá ẹjọ́ tiwọn. Ìyá Òjó, àgbàlagbà tí gbogbo obìnrin ibẹ̀ ń tẹ̀lé, ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá lẹ́ẹ̀kan péré. Tí adìyẹ bá tún kú, kí n gbàgbé ọ̀nà abúlé wọn.

Mo wá fírígò kékeré kan rí, irú èyí tó ń lo iná bátìrì mọ́tò. Bàbá Ṣọlá, àbúrò ìyá mi, ló ní kátrì-kátrì, mọ́tò gíga tó lè wọ ẹrẹ̀, tó fi ń kó gàrí láti Sakété. Ó gbà láti gbé mi, ṣùgbọ́n ó ní fírígò gbọ́dọ̀ ṣeé yọ kúrò lọ́jọ́ ọjà. Gàrí ló ń bọ́ mọ́tò náà, kì í ṣe adìyẹ.

Ó ní kí n fi rọ́bà dè é bí ẹni de ẹrù sórí zẹ́mìjàn, ọ̀kadà akérò. Mo ní rọ́bà máa ń nà, pé kòtò kan ṣoṣo ni yóò gbé e ṣubú.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ yìí, ṣé fírígò lo fẹ́ gbé ni, àbí ọba?”

A kan pátákó mọ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn mọ́tò, a de ọ̀pá irin méjì mọ́ ọn, fírígò sì ń yọ̀ wọlé láàárín wọn bí àpótí tábìlì. Ìkọ́ irin méjì ló dì í mú. Ẹ fa ìkọ́ yọ, ẹ fa fírígò jáde, ó parí! Mo fa wáyà gígùn wá láti ìdí bátìrì, mo sì fi fíúsì sí i. Ẹ ò mọ bí inú mi ti dùn tó nígbà tí mo mì í tí kò mira.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá Ṣọlá, ìyàwó àbúrò ìyá mi, bá wa lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń ta omi tútù àti yìnyín ní ọjà Sakété. Kí a tó gbéra, ó fi àpò gàrí òfìfo wé fírígò náà yípo, ó so ó pinpin. Mo rí i, mo rò pé nítorí eruku ni. Mi ò bi í léèrè.

A kọjá Pobè, a wọ inú ẹrẹ̀ dúdú. Fírígò kò mì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, iná pupa ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, kò sì dún mọ́. Tẹ̀mọ́mítà ara rẹ̀ ń gòkè.

Bàbá Ṣọlá dúró, kò pa ẹ́ńjìnnì. Mo yẹ fíúsì wò, kò jó. Iná ń dé ibẹ̀. Mo wá ki ọwọ́ bọ abẹ́ àpò. Ó gbóná bí irin tí wọ́n fi ń lọ aṣọ!

Mo bi Ìyá Ṣọlá ìdí tó fi wé e.

“Kí òtútù má bàa sá ni. Ṣé o ò mọ bí a ṣe ń tọ́jú yìnyín ni?”

Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Bí gbogbo àwọn tó ń ta yìnyín ti ń ṣe nìyẹn, ó sì dára fún yìnyín. Ṣùgbọ́n fírígò ń kó ooru inú rẹ̀ jáde gba ẹ̀gbẹ́. A ti dí i nímú.

A tú àpò kúrò, a fa ìkọ́ yọ, a gbé e sábẹ́ òjìji ọ̀pẹ pẹ̀lú wáyà rẹ̀. Ìyá Ṣọlá tú gèlè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Ó ní òun ti fẹ́ iná rí, òun ti fẹ́ ọmọ rí, fírígò ló kù. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi tún dún. Tẹ̀mọ́mítà kò sì kọjá ìlà tí oògùn ti ń bàjẹ́.

Oòrùn ti ga nígbà tí a dé, ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé ò tíì tú adìyẹ sílẹ̀. Kí n sọ fún Ìyá Òjó, àbí kí n dákẹ́? Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì sọ ohun gbogbo, pé ó dúró lọ́nà àti ibi tí ìgbóná dé. Bàbá Ṣọlá wúkọ́ lẹ́yìn mi.

Ìyá Òjó gba ìgò oògùn kan, wọ́n gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti mọ bó ṣe tutù tó.

“Ẹni tó wá lọ́dún tó kọjá ò sọ nǹkan kan fún wa.” Wọ́n yíjú sí àwọn ọmọ wọn. “Ẹ gbé àgò adìyẹ wá.”

N kò tíì lè sọ pé a ti ṣẹ́gun. Ìgbà ọyẹ́ ni lùkúlùkú máa ń jà jù, ìgbà náà la ó mọ̀. Ohun tó dá mi lójú ni pé kí a tó fi ọgbọ́n tí a mọ̀ tọ́jú ohun tuntun, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa bí ohun náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó tún dá mi lójú pé òótọ́ ló ṣí àgò yẹn, kì í ṣe fírígò nìkan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé nǹkan tútù gba ọ̀nà burúkú rí, kí lójú yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ìyá Ṣọlá ní kí n ka gbogbo rẹ̀ fún òun.