Eré Tí Mo Rò Pé Kẹ̀kẹ́ Mi Ń Sá

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́, ní àkókò Sáàpù, nígbà tí ètò ọrọ̀-ajé ìjọba sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Bí mo bá ń rántí ìgbà náà, òórùn ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn: òórùn ọṣẹ tútù láti ilé iṣẹ́ kan lápá ọ̀tún, èéfín irin yíyọ́ lápá òsì, àti koríko tí ìrì sẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Ìjókò. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní Sángo. Mo ti ní alùpùpù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí táyà rẹ̀ di ohun tí olùkọ́ kò lè rà mọ́, mo tà á, mo sì ra kẹ̀kẹ́ àlòkù. Ojú tì mí fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi yangàn.

Ẹ mọ bí àwa olùkọ́ ṣe rí. Ohun tí a kò bá tíì wọ̀n kì í dá wa lójú. Mo fi okùn wọn àyíká táyà iwájú, mo so aṣọ pupa kékeré kan mọ́ ọ̀kan nínú àwọn wáyà rẹ̀, mo sì ń ka iye ìgbà tí aṣọ náà yí láti ẹnu ọ̀nà mi dé géètì ilé ìwé. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò rẹ̀ tán, ó jẹ́ kìlómítà mẹ́fà. Agogo ọwọ́ mi sọ pé ogún ìṣẹ́jú ni mo fi gùn ún. Kìlómítà méjìdínlógún ní wákàtí kan! Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri yàrá. N kò ka bí ọ̀nà náà ṣe dà sísàlẹ̀ láti ilé mi lọ sí Sángo kún ohunkóhun.

Mo tún ní ẹ̀rí mìíràn. Àràárọ̀ ni mo máa ń ya àwọn oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lọ́nà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin tí wọ́n ń padà sí ilé wọn ní Sángo. Ọ̀kan nínú wọn, ará Ìwó kan tí ó jù mí lọ díẹ̀, ni mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Bí mo bá ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, màá lu aago kẹ̀kẹ́ mi kíkankíkan.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń gùn ún ni àbí ẹ̀ ń tọ́ ọ sọ́nà?"

"Tíṣà, Ọlọ́run á dájọ́!" Òun náà a rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá bá wa dúró níwájú iná ìléru mọ́jú lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó máa lu aago mọ́ mi létí."

"Àwáwí!"

"Ó dáa. Ẹ máa sáré lọ. Ẹ bá mi kí àwọn ará Ọ̀tà."

Màá tẹ̀ ẹ́ lọ. Òótọ́ ni ó sọ fún mi, mo sì gbà á bí àwàdà. Ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ mọ́jú ni mo ń bá díje, èmi tí mo ti sùn tẹ́rùn, tí mo sì ti jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà.

Ọdún náà ni àbúrò mi dé láti abúlé wa ní Òkè-Ògùn. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ó ti jáde ìwé mẹ́wàá pẹ̀lú èsì tí ó dára, ó sì ti wá iṣẹ́ fún oṣù mẹ́sàn-án. Àwọn ilé iṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró nígbà náà. Kí wọ́n gba ẹni tuntun dà bí kí òjò rọ̀ nínú ọyẹ́. Àfi bí aládùúgbò wa kan, tí ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe páìpù ní Ọ̀tà, lọ́nà Ìdí-Ìrókò, ṣe wá kan ilẹ̀kùn wa ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Ènìyàn mẹ́jọ ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́la," ó ní. "Aago méje ààbọ̀ ni wọ́n máa ti géètì. Ẹni tó bá wà níta, ó wà níta nìyẹn."

Àbúrò mi lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ó ní. Ọkọ̀ kò wọ́pọ̀ ní Ìjókò, nítorí náà ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí n ti máa fẹsẹ̀ rìn láti aago márùn-ún."

"Kí o fi òógùn àti eruku débẹ̀? Màá gbé ọ. Láti ibí dé Sángo, ogún ìṣẹ́jú. Láti Sángo débẹ̀, bákan náà ni ó gùn. Àpapọ̀ rẹ̀?"

"Ogójì ìṣẹ́jú, sà." Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọ ilé ìwé.

"Ó dáa. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni a ó gbéra. Ogún ìṣẹ́jú á tún ṣẹ́kù fún wa."

Àbúrò mi wúwo ju bí mo ti rò lọ. Kí a tó kọjá ojú irin ni itan mi ti ń ta mí, táyà ẹ̀yìn sì ń rì sínú iyanrìn. Nígbà tí a dé Sángo, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti lọ. Bọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí ó ń pe èrò.

"Ọ̀tà, Ọ̀tà! Ó ku ẹnì kan! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì o!" Kọ̀ńdọ́kítọ̀ náà rí wa. "Ọ̀gá, ẹ sọ ẹrù yẹn kalẹ̀! Kẹ̀kẹ́ yín ti ń sunkún!"

Gbogbo èrò inú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ti fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀. "Bọ̀dá, ṣé kí n wọ̀ ọ́?"

Ẹ̀rín yẹn ni ó dùn mí. "Jókòó jẹ́ẹ́," ni mo wí. "A ó gba àkókò yẹn padà níwájú."

Ó jókòó. Kò jiyàn. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kì í ṣe ọmọlúàbí kí ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn, èmi gan-an sì wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ. Bọ́ọ̀sì náà kọjá lára wa kí a tó rìn jìnnà. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà ń gòkè, tírélà ń tì wá sínú kòtò, n kò sì gba ìṣẹ́jú kan ṣoṣo padà.

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì ni a dé ẹnu géètì. Mo bẹ bàbá tí ń ṣọ́ ibẹ̀, mo ní olùkọ́ ni mí, ìṣẹ́jú mẹ́tàlá péré ni.

"Olùkọ́?" ó ní. "Tí ọmọ ilé ìwé yín bá fi ìṣẹ́jú mẹ́tàlá pẹ́, kí lẹ máa ń ṣe fún un?"

Ọ̀gá tí ń kọ orúkọ nínú ọgbà gbójú sókè, ó wo agogo rẹ̀, ó wo wá, ó sì yíjú padà. Àbúrò mi di irin géètì mú, ó ń wo àwọn tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

"Bọ̀dá," ó ní, "méje ni wọ́n."

Kò gun kẹ̀kẹ́ náà padà. "Ẹ máa gùn ún lọ. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń padà sílé, mo ń làágùn lórí òkè, nígbà tí ará Ìwó náà yà mí sílẹ̀ bí ẹni pé mo dúró sójú kan. Ó ti sùn dáadáa, ó ń lọ bọ́ sí iṣẹ́ ọ̀sán. Kò lu aago. "Tíṣà, ẹ kú ọ̀sán o," ni gbogbo ohun tí ó sọ. Ó ti gbọ́ nípa àbúrò mi. Ì bá sàn kí ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí ọdún náà tó parí, àbúrò mi gba Ìdí-Ìrókò kọjá lọ sí Kùtọnu, ó ń ru àpò sìmẹ́ńtì ní èbúté. Ẹ̀yìn tí kò lè nà tán mọ́ ni ó gbé padà wálé. Ó ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, kò sì sọ̀rọ̀ burúkú sí mi rí. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ Ọjọ́rú yẹn, kò bi mí léèrè ohunkóhun mọ́: kò bi mí nípa ilẹ̀ tí ó rà, kò bi mí nípa ìyàwó tí ó fẹ́, kò bi mí nípa ilé ìwé tí ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀, olùkọ́ ni mí.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí eré yín ti tó, ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ tí ara yín le jù, lójú ọ̀nà tí ó dà sísàlẹ̀, láàárín àwọn tí ó ti rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n ní àlọ àti àbọ̀, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ayé ẹlòmíràn ni ẹ gbé sẹ́yìn, tí ó ní kí ẹ jẹ́ kí òun bọ́ sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró, kí ẹ jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀.