Orin Tí Ẹnikẹ́ni Kò Pè

Mo rántí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀, tí wọ́n ṣí aṣọ lórí ọmọ náà, tí gbogbo ilé sì sún mọ́ ọn láti wò ó. Irun orí rẹ̀ dúdú kirikiri, àfi ìdì kan níwájú tó funfun bí òwú. Ẹyinjú rẹ̀ kan sì rí bí aró tí wọ́n bu omi là. Ilé bàbá wa ló wá bímọ sí, nítorí ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí òkè Ọya, kì í sábà sí nílé.

Ìyá àgbà kan ní àdúgbò ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá ló padà wá! Kò tiẹ̀ dúró bọ́ ewú sílẹ̀ kó tó bọ́ sọ́nà." Bàbá tó ń wí ni bàbá tó bí bàbá mi, tó ti kú tipẹ́. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Irun ni àwa wò. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Kékeré ni gbogbo abúlé ń pe ọmọ yìí. Àgbàlagbà á dúró níwájú ọmọ ọwọ́, á tẹrí ba, á ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá wa. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ẹ̀gbọ́n mi á rẹ́rìn-ín, á sì bá ọmọ rẹ̀ dáhùn.

Abúlé wa kò jìnnà sí Akínyẹlé. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo là ń gbìn níbẹ̀, ọjà Ṣáṣá la sì ń kó wọn lọ. Bàbá mi ni apeorin ní ìjọ Aládùúrà tí à ń lọ. Ìwé orin wà lọ́wọ́ gbogbo wa, ìwé kan náà sì ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya ẹnu títí bàbá mi yóò fi dìde, tí yóò pe orin tí a ó kọ, tí yóò sì dá ìlà àkọ́kọ́. Ohùn rẹ̀ le débi pé ewúrẹ́ tó bá yọ́ wọ ilé ìdáná á fò jáde bó bá ti gbọ́ ọ. Èmi ní tèmi wà ní yunifásítì, mo ń kọ́ nípa àbùdá, ìyẹn ohun tí òbí ń fi sínú ọmọ tí ọmọ fi ń jọ wọ́n. Mo ti wọ aṣọ funfun yàrá àyẹ̀wò ya fọ́tò, mo sì ti fi ránṣẹ́ sílé, kí n tó mọ ohun gúnmọ́ kan tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bàbá mi gbé fọ́tò náà kọ́ sára ògiri.

Ìsinmi ni mo wá lò nílé nígbà tí a ṣàkíyèsí pé ọmọ náà kò yàgbẹ́ láti ìgbà tí a ti bí i. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ máa bẹ̀rù, ṣùgbọ́n àwọn àgbà fi ṣẹ̀rín. Wọ́n ní nígbà ayé bàbá àgbà, bí wọ́n bá lọ sẹ́yìn ilé, ó lè tó ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó dé. Wọn kì í kánjú. "Ìwà wọn ni wọ́n gbé bọ̀ yẹn." Èmi onímọ̀ náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Inú ọmọ ń wú, a ń fi òróró àdúrà pa á. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí èébì rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e mọ́ àyà, mo jókòó tì í lẹ́yìn, ọ̀kadà sì gbé wa lọ sí Ìbàdàn.

Dókítà obìnrin kan ló gbà á lọ́wọ́ wa. Kò tíì fọwọ́ kan ikùn ọmọ náà tó ti ń wo irun rẹ̀. Ó béèrè ẹni tó ní irú irun bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí wa. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá àgbà wa ni, Mà. Àwọn ló padà wá." Dókítà náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá a jiyàn. Lẹ́yìn tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó ṣàlàyé pé àwọn iṣan tó yẹ kó máa pàṣẹ fún ìfun kó ti ìgbẹ́ jáde kò sí níbẹ̀ rárá ní apá ìsàlẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì la ojú ihò sí ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ tí ìgbẹ́ yóò máa gbà jáde. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní àbùdá kan ló bàjẹ́ lára ọmọ náà, tó fa ti irun àti ti ìfun, ó sì níṣẹ́ tó ń ṣe nínú etí àti ọpọlọ náà, kí a máa ṣọ́ bí ọmọ ṣe ń gbọ́ràn.

Bàbá mi dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ìwọ lo lọ sílé ìwé. Kí ló ṣe ọmọ mi?" Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì pòrúurùu mọ́ mi lẹ́nu. Ìwé orin rẹ̀ wà lórí àga, mo bá gbé e.

"Bàbá, ìwé kan náà ló wà lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yà ara wa. Èyí tó wà nínú ìfun kò fi ojú ewé kan dín sí èyí tó wà nínú ọpọlọ. Àwọn apeorin ibẹ̀ ló yàtọ̀. Àwọn ti inú ìfun ń pe orin oúnjẹ, àwọn ti inú ọpọlọ ń pe orin ìrònú. Orin tí wọn kò bá pè ń bẹ nínú ìwé, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò ní kọ ọ́. Apeorin mìíràn sì wà tó ń ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀. Orin tó ń pè máa ń yàtọ̀ níbi kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn apeorin tó ń bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yàtọ̀. Nínú ikùn ìyá, òun ló ń pe àwọn iṣan wá sínú ìfun, òun ló ń pe àwọ̀ sí irun, òun náà ló ń pe àwọn tó ń wé iṣan inú ọpọlọ bí ìgbà tí wọ́n ń fi rọ́bà wé wáyà iná. Òun gan-an ló bàjẹ́ lára ọmọ wa. Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni jẹ tàbí tó ṣe ló fà á."

Bàbá mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. "Orin yẹn ń bẹ nínú rẹ̀, àbí?"

"Ó ń bẹ, bàbá."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé wọn kò lè rí ẹlòmíràn tí yóò wá bá a pè é?"

Mo ní ìgbà tó yẹ kí wọ́n pè é ti kọjá kí a tó bí i. Bó ṣe wò mí lọ́jọ́ náà ṣì ń dùn mí.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ọmọ sórí ẹní, ọmọ náà ń fi etí aṣọ ṣeré. Bàbá mi dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó sì pe orin bí ẹni wà nílé ìjọsìn. Adìẹ tó wà nínú yàrá sá jáde. Ọmọ náà kò yíjú. Bàbá mi tún pè é. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ní, "Kò gbọ́ mi."

Ọrùn ọmọ náà kò dúró dáadáa, ojú rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Síbẹ̀ ó mọ ẹ̀rín rín. Bàbá mi ló rí i pé bí òun bá tẹ́ ẹ sí àyà òun, tí òun sì ń kọrin, ọmọ náà á fi àtẹ́lẹwọ́ lé òun láyà, á sì máa rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò rí ohun tó dùn mọ́ bàbá mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà ọyẹ́, inú ọmọ tún wú, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. A tún gun ọ̀kadà. Nígbà tí a dé Ṣáṣá, èrò ọjà ti dí ọ̀nà, àwọn alábàárù ń gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì kọjá níwájú wa, ọlọ́kadà sì ń fọn fèrè kíkankíkan. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan ọlọ́kadà náà léjìká. Ó ní, "Ẹ máa rọra lọ, ẹ̀gbọ́n. Kò sí ìkánjú mọ́."

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìjọ ló sin ọmọ náà. Lọ́dọ̀ wa, àgbà kì í débi tí wọ́n ti ń sin ọmọdé, nítorí náà bàbá mi jókòó sílé. Àwọn obìnrin wá, wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ títí, ó wá béèrè pé, "Ṣé omi ni?"

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bàbá mi dìde láti pe orin. Gbogbo wa dìde, a ṣí ìwé dání. Ó ya ẹnu, ohùn kò jáde. A dúró. Ẹnì kan wúkọ́. Mo wo àwọn ìwé tó wà lọ́wọ́ èrò, kò sí èyí tí ojú ewé rẹ̀ fa ya, síbẹ̀ kò sí ẹni tó mọ ohun tí yóò kọ. Mo ti kà nípa nǹkan yìí, mo sì ti fi yege ìdánwò, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ló yé mi. Níkẹyìn, ẹ̀gbọ́n mi sọ láti àárín àwọn obìnrin pé, "Bàbá, ẹ jókòó." Ó jókòó, gbogbo wa sì jókòó. Kò pe orin mọ́ láti ìgbà náà.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè ní ìlú kékeré kan ní Lágelú, mo sì ti yọ fọ́tò aṣọ funfun yẹn kúrò lára ògiri bàbá mi. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni ẹ̀gbọ́n mi tún bímọ, obìnrin, irun rẹ̀ dúdú látòkè délẹ̀. Ó yàgbẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, gbogbo ilé sì hó yèè. Nígbà tó lo oṣù díẹ̀, wọ́n gbé e wá kí bàbá mi, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní. Bàbá mi rọra dìde, ó fi ọ̀pá lọ sẹ́yìn rẹ̀. A mọ ohun tó fẹ́ ṣe, a kò lè dá a dúró. Ohùn rẹ̀ ti di ohùn arúgbó, ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó pe orin.

Ọmọ náà yíjú sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bàbá mi bú sẹ́kún, ó sì sunkún títí. Gbogbo wa mọ̀ pé kì í ṣe èyí tó gbọ́ ọ ló ń sunkún fún.